Ìràwọ̀ Tó Tàn Lọ́sẹ̀ Ọ̀fọ̀

Yàrá tí wọ́n mú mi wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní fèrèsé. Mo wo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wá a tì. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àga mẹ́fà, àti kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi tíì. Mo bi ọmọbìnrin tó mú mi wọlé pé níbo ni awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ wà. Helen ni orúkọ rẹ̀. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ẹgbẹ́ Rúkà ọmọ mi.

Ó na ìka sókè. "Ó wà lókè."

"Lórí òrùlé?"

"Rárá o. Lójú ọ̀run lọ́hùn-ún. Ó ń yí ayé po."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín in. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní físíìsì ní Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí ẹ́síréè tó ń ti ara ìràwọ̀ wá kan ilẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ kọjá afẹ́fẹ́ lọ sókè. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn. Ṣùgbọ́n n kò rò ó dé ibi yàrá tí kò ní fèrèsé. Mo ti rò pé a óò máa gbójú sókè.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń ṣọ́ ìràwọ̀ níbẹ̀, ọ̀sán ni wọ́n ń ṣọ́ ọ, tíì sì wà lọ́wọ́ wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà kan. Bí ìlà bá lọ nílẹ̀, ìràwọ̀ ń sùn. Bí ó bá gòkè, ó jí. Ìlà ni mo lọ ń wò.

Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo jókòó ìdánwò ìwé mẹ́wàá láàárín àwọn ọmọ tó ń pè mí ní bọ̀ọ̀dá. Kó tó dìgbà náà, rédíò ni mò ń tún ṣe ní Ṣàpọ́n. Bí mo ṣe dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ kan tí mo kọ́ rí sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹ̀rọ ní ìlú kékeré kan lápá àríwá. Mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Ṣìkírá ìyàwó mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ilé wa ní Ìjemọ̀ ti dákẹ́ jù.

Lọ́jọ́ kejì, mo kí ènìyàn mẹ́sàn-án lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ẹni méjì dáhùn. Ẹnì kan bi mí bóyá mo sọnù ni.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Kúdírátù, tí gbogbo agboolé wa ń pè ní Ìyá Wàsíù. Ó bi mí ní oṣù àkọ́kọ́ pé:

"Bàbá Rúkà, iṣẹ́ kí lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Àwọn ènìyàn ń bi mí, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ."

"Ìràwọ̀ ni mò ń ṣọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìràwọ̀! Ẹnì kan fẹ́ jí i ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní méjì-méjì ni àwọn tí à ń ṣọ́, wọ́n ń yí ara wọn po bí tọkọtaya. Ọ̀kan nínú wọn ti kú, ó ti wọ inú ara rẹ̀ lọ títí ó fi le ju òkúta lọ. Èkejì ṣì wà láàyè. Òkú yẹn ń fa ara alààyè mu díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń fà mu ni ó ń gbóná bó ṣe ń já bọ́, òun ló ń tan ẹ́síréè tí ẹ̀rọ wa ń rí.

Ó fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ: "Òkú ń mu alààyè."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A-úsù bílááhì! Ta ló fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ̀ ẹ́, ìwọ tí ìyàwó ẹ kú? Ṣé wọn ò ní iṣẹ́ mìíràn ni? Wàsíù ní àwọn kan ń tọ́jú arúgbó níbẹ̀, wọ́n sì ń rí jẹ."

"Iṣẹ́ yìí dáa, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa náà. Ṣùgbọ́n èmi ò ní sọ ọ́ jáde ní Ìjemọ̀ o. Kọ̀ǹpútà ni màá ní ò ń ṣe."

Ọ̀gá wa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti súnmọ́ àádọ́rin ọdún, ó gbẹ, ó ga, ó sì máa ń jẹ ápù tòun ti kóró inú rẹ̀. Martin ni wọ́n ń pè é. Helen ń pè é ní Martin. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ń pè é ní Martin. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé kí èmi náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. "Sà" ni mò ń pè é. Bí ó bá kẹ́yìn sí mi tí mo sì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá rìn yípo títí màá fi dé iwájú rẹ̀.

"O tún ti ń yí Martin po," Helen á wí. "Ṣọ́ra kó má fà ọ́ mu."

Nínú èdè wọn, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àgbà. Ní etí mi, "o" ni gbogbo wọn ń sọ fún mi, títí kan ọmọ tó ń ta búrẹ́dì. Mo gbà á. Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń bínú sí irú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí mo bá dé ilé, màá dúró ní iwájú dígí, màá sì kí ara mi ní "ẹ káalẹ́, sà."

Nǹkan kan dùn mọ́ mi ní oṣù kẹrin. Ìlà ìràwọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, lọ́nà tó ṣe déédéé. Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n rò pé ìràwọ̀ tuntun ni, òkú kan tó ń pòyì. Èmi ń wò ó, ara mi kò gbà á. Ní Ṣàpọ́n, bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ṣiṣẹ́, ìró kan máa ń gba ara wáyà wọ inú rédíò. Kì í ṣe ìró ilé-iṣẹ́ rédíò, kì í sì í ṣe ti rédíò fúnra rẹ̀. Ó máa ń lọ déédéé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo rìn yípo dé iwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Sà, ǹjẹ́ nǹkan kan wà nínú sátẹ́láìtì yẹn tó ń tàn tó ń kú fúnra rẹ̀?"

Ó wo ojú mi. Ó lọ yẹ ìwé ẹ̀rọ náà wò. Ohun tó ń mú bátìrì gbóná ni. Ó ń tàn, ó ń kú, ní ìwọ̀n àkókò kan náà pẹ̀lú ìlà yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Ó ní mo yọ wọ́n nínú ìtìjú.

Mo pe Ìyá Wàsíù lọ́jọ́ náà bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Máṣálááhù," ó wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Ìràwọ̀ kan wà tó jẹ́ ti Helen. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìwé oyè rẹ̀ dúró lé. Àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń sùn fún ogójì ọdún, wọ́n á sì jí lọ́jọ́ kan. Àwọn àmì kan ti fi hàn pé ti Helen yóò jí láìpẹ́. Ó ti dúró dè é fún ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe ìgbà tó bá ti tàn tán ni ó fẹ́ rí. Ìgòkè rẹ̀ ló fẹ́, wákàtí àkọ́kọ́ tí ohun tí òkú ń fà mu bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Kò sí ẹni tó tíì rí ìyẹn kedere rí.

Sátẹ́láìtì kékeré tiwa kò lè rí i dáadáa. Ó kàn lè sọ pé ó ti ń gòkè ni. Sátẹ́láìtì ńlá kan wà tó lè kọjú sí i. Àwọn tó ni ín ti ṣèlérí fún Helen pé àwọn yóò yí i síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ìbéèrè bá dé ọwọ́ wọn kó tó di aago méjì ọ̀sán. Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Nítorí náà òfin yàrá wa rọrùn. Ẹni tó bá wà lórí àga, bí ìlà Helen bá kọjá àmì pupa, kí ó pe fóònù iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n lójú ẹsẹ̀. Wọ́n lẹ òfin náà mọ́ ara ògiri. Mo ti kà á ní ìgbà tí n kò lè kà.

Ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n kú ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Àìsàn tó ti pẹ́ lára rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dé ibi iṣẹ́, mo bá Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí àga rẹ̀. Ó ń jẹ ápù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé wọ́n ti purọ́ fún mi ni, pé obìnrin náà kò kú. Káàdì ìbánikẹ́dùn kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí gbogbo wa ti fọwọ́ sí. Olúkúlùkù kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo lọ bá a, mo tẹrí ba, mo ní Ọlọ́run yóò rọ̀ ọ́ lójú.

"O ṣeun," ó wí. "Ǹjẹ́ ìlà kankan gòkè ní òpin ọ̀sẹ̀?"

Mo bi Helen ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé níbo ni wọ́n sin obìnrin náà sí.

"Wọn ò tíì sin ín. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ wọn ń bọ̀ láti Ọsirélíà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni Ṣìkírá kú. Kí a tó kírun Ásárì, a ti sin ín. Mo jókòó síwájú ìlà mi lọ́jọ́ náà, n kò rí ìlà kankan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró sílé láti Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n ó mú fóònù iṣẹ́ lọ. Helen wà ní ìpàdé kan ní Amẹ́ríkà, ó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìlà Helen kọjá àmì pupa.

Mo rò pé bátìrì ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe bátìrì. Ó tún gòkè sí i bí mo ṣe ń wò ó. Mo gbé fóònù. Mo tẹ nọ́ńbà mẹ́rin, mo sì dá ọwọ́ dúró.

Nígbà tí Ṣìkírá kú, ọ̀gá ilé-ìwé wa wá sí Ìjemọ̀ pẹ̀lú àwọn olùkọ́. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó lórí ẹní. Kò dárúkọ ilé-ìwé. Ìwé ìdánwò tí mò ń yẹ̀ wò wà lórí tábìlì mi, ó sì ní kí wọ́n rọra kó o lọ fún ẹlòmíràn, kí n lè sinmi. Ní ọjọ́ kẹta, atẹ́gùn ká páànù lórí ilé ìdáná wa. Gbogbo ilé ló mọ̀. Bí mo bá béèrè pé kí ló ń dún, wọ́n á ní àlàáfíà ni. Ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn tí a ti ṣe fidáù, ni mo tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé tí mo rí ojú ọ̀run láti inú ilé ìdáná. N kò bínú. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. A kì í gbé ẹrù lé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lórí.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo wọ kóòtù mi.

Mo ra ọsàn àti búrẹ́dì lọ́nà, nítorí a kì í lọ kí ọlọ́fọ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo wọ bọ́ọ̀sì. Mo sọ fún ara mi pé ìràwọ̀ tó ti sùn fún ogójì ọdún, wákàtí díẹ̀ kò ní pa á lára. Mo sọ pé Helen yóò balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò sì bá ìràwọ̀ náà lẹ́nu ìgòkè. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣáà ń sọ ọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó yà á lẹ́nu. Ó gba búrẹ́dì náà bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi búrẹ́dì ṣe. Mo jókòó. Ilé náà mọ́, ó tutù, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ìyẹn náà dẹ́rù bà mí: ilé ọ̀fọ̀ tí kò sí èrò. Mo bá a jókòó, bí a ṣe ń bá ènìyàn jókòó. Ó po tíì. Ó fi fóònù iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ife rẹ̀, ó ń wò ó lóòrèkóòrè. Mo rò pé ìpè ọmọ rẹ̀ ló ń retí.

"Ọ́fíìsì ńkọ́?" ó bi mí. "Ṣé kò sí nǹkan kan?"

"Àlàáfíà ni, sà. Kò sí nǹkan kan."

Ó jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ó mi orí. Mo bá a jókòó fún wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, aago méjì ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìlà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè.

Helen pè mí ní aago márùn-ún. Mo gbọ́ ariwo pápákọ̀ òfurufú lẹ́yìn rẹ̀ àti ìró táyà báàgì rẹ̀ lórí ilẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan fóònù mi. Àwọn ará Jàpáánù ti kéde ìràwọ̀ kan. Ṣé tèmi ni?"

"Òun ni."

"Ọlọ́run mi! Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Mọ́kànlá ku díẹ̀."

"Mọ́kànlá àárọ̀? Ó dáa, ó dáa, àsìkò wà nígbà yẹn. Kí ni Martin sọ?"

"N kò pè é."

Ìró táyà náà dúró.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni sátẹ́láìtì ńlá tó kọjú síbẹ̀. Ìràwọ̀ ti tàn tán. Ìgòkè tí ó dúró dè fún ọdún mẹ́ta ti kọjá lọ láìsí ẹni tó wò ó dáadáa.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé tòun ti kóòtù. Helen ti wà níbẹ̀. Kò tíì dé ilé rẹ̀, báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri. Mo dìde.

"O jókòó sínú ilé mi," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ti mọ̀ nígbà yẹn?"

"Mo ti mọ̀."

"Mo bi ọ́. O ní kò sí nǹkan kan."

"Ẹ ò tíì sin ìyàwó yín, sà. Nílé wa, a kì í kó iṣẹ́ lọ bá ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀. A kì í jẹ́ kó gbọ́ pé nǹkan kan bàjẹ́."

Ó jókòó.

"Láti ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹni tó pè mí ló ń sọ̀rọ̀ ikú. Fóònù iṣẹ́ yẹn nìkan ni kò ní bá mi sọ̀rọ̀ ikú. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un lọ sílé. Mo gbé e síwájú mi, mò ń bẹ̀ ẹ́ kó dún. Ìwọ náà jókòó níbẹ̀, ò ń wò mí."

Mo jókòó padà láìgbàṣẹ. Kì í ṣe nítorí pé ó bínú. Ohun tó sọ yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n rí. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí a sin Ṣìkírá, mo wá ìwé ìdánwò wọ̀nyẹn káàkiri yàrá mi. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. N kò fẹ́ sinmi. Mo fẹ́ yẹ ìṣirò ọmọ ọlọ́mọ wò, kí n fi báírò pupa kọ ọ́ pé kò tọ̀nà, kí n tún un ṣe. Ojú tì mí láti béèrè rẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé ikú rẹ̀ kò dùn mí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Oore tí n kò fẹ́ kí wọ́n ṣe fún mi ni mo lọ ṣe fún ẹlòmíràn.

Helen ló sọ ọ́ sí wa lójú.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń ro ti ara yín. Ìwọ ń ro ọ̀fọ̀ rẹ̀, òun ń ro fóònù rẹ̀. Ta ló ro tèmi? Nígbà tí ìràwọ̀ yẹn bá tún máa jí, màá ti di arúgbó!"

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fa ìwé àkọsílẹ̀ yàrá mọ́ra. Ó ní òun yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti pa fóònù, pé mo pè, n kò rí òun. Mo ní mo ti kọ tèmi. Ó kà á sókè: "Mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo rí i. N kò pe ẹnikẹ́ni." Mo fọwọ́ sí i.

"Wọ́n lè dá ọ dúró nítorí èyí."

"Mo mọ̀, sà."

Ó pa ìwé náà dé. Ó ní àwọn ìràwọ̀ báwọ̀nyí, bí wọ́n bá ń lọ sílẹ̀, wọ́n máa ń tún gòkè díẹ̀ nígbà mìíràn kí wọ́n tó sùn. Kì í tó ti àkọ́kọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn.

"Bí ó bá tún gòkè, pè mí."

"Bí ẹ bá wà níbi ìsìnkú ńkọ́, sà?"

"Pè mí," ó wí, bí ẹni tó ń tọrọ omi.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Wàsíù lọ́jọ́ náà.

"O ṣe dáadáa," ó wí. "Ta ló ń ru iṣẹ́ lọ sílé ọlọ́fọ̀?"

"Mo ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìràwọ̀ ò kúkú sá lọ. Dúró ná. O ní ọkùnrin yẹn ò tíì sin ìyàwó ẹ̀? Láti ọjọ́ wo?"

"Láti Jímọ̀ tó kọjá. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n sin ín."

"Níbo ni wọ́n wá gbé e sí?"

"Nínú ẹ̀rọ amóhuntutù."

"Lá iláha ilá-lláhù! Bàbá Rúkà, máa bọ̀ nílé."

Mo rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa fóònù, mo mọ̀ pé n kò lè sọ ti ìwé ìdánwò fún un. Ní Ìjemọ̀, mo jàre. Níbi tí mo wà, mo jẹ̀bi. Mo sì ti wá rí i pé èmi gan-an kò bá ìdájọ́ Ìjemọ̀ mu, láti ọjọ́ pípẹ́, kí n tó kúrò níbẹ̀ rárá. Mo ti rò pé òkè òkun ló sọ mí di àlejò.

Wọn kò dá mi dúró. Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ kan fún mi, mo sì padà sórí àga mi. Helen ń bọ̀ lójoojúmọ́, ó ń wo ìlà rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí ó bá po tíì, ife kan ló máa ń mú jáde. N kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ tí mo mọ̀, mo gbọ́dọ̀ mú àgbà dání lọ, kò sì sí àgbà tí mo lè bẹ̀ níbẹ̀ tí kì í ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n fi ìsìnkú sí. Gbogbo wọn wọ aṣọ dúdú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ, mo ní èmi ni. Ìlà náà ń lọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bó ṣe ń ṣe láti ìjọ́ yìí. Mo ń ṣe àdúà fún obìnrin náà nínú mi. Mo gbójú sókè, ìlà náà ti dúró. Lẹ́yìn náà ó gòkè.

Mo yẹ ẹ̀rọ wò. Kò sí àléébù. Mo wo aago. Wọ́n ti gbé pósí wọlé nísinsìnyí, wọ́n ti gbé e síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo gbé fóònù. Mo gbé e sílẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dìde nínú mi, ó ní ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún gbé fóònù, mo sì tẹ nọ́ńbà náà tán.

Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ dùùrù, mo gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń kọrin.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

N kò kí i. N kò béèrè àlàáfíà.

"Ó ti ń gòkè, sà."

"Ó tó báwo?"

Mo sọ fún un. Ó mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ tó pe orúkọ Helen, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró bàtà tó ń sáré lórí ilẹ̀ olókùúta. Orin kò dáwọ́ dúró.

Ìbéèrè Ọ̀jọ̀gbọ́n dé ọwọ́ wọn kó tó di ọjọ́kanrí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni sátẹ́láìtì ńlá kọjú síbẹ̀, ìràwọ̀ náà sì ṣì ń gòkè lọ. Helen jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, amọ̀ sì wà lára bàtà rẹ̀. Ìgòkè náà kéré. Kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó ń wọlé, àmì kan lẹ́yìn èkejì, Helen sì ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láìṣẹ́jú.

Nígbà tó pẹ́, ó fa ìwé àkọsílẹ̀ mọ́ra.

"Ìgbà wo lo rí i?"

"Mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá."

"Ìgbà wo lo pè?"

"Mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún."

Ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Kò béèrè ohun tí mo fi ìṣẹ́jú mẹ́rin náà ṣe.